Ṣé Ó Bọ́gbọ́n Mu Kí Gbogbo Tíìmù Pokémon Jẹ́ Akọlù?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, kóòṣì. Orí Pokémon Showdown, ìkànnì tí wọ́n ti ń ja ìjà Pokémon lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ni mo ti ń jà, ẹyọ kan sí ẹyọ kan, mẹ́fà sí mẹ́fà, pẹ̀lú òfin géèmù Scarlet àti Violet. Garchomp, Dragonite, Gholdengo, Dragapult, Iron Valiant àti Kingambit ni mo ń lò. Kò sí olùdáàbòbò kankan níbẹ̀, ìjà ṣáá ni. Bí mo bá máa borí, kì í pẹ́. Bí wọ́n bá máa nà mí, kì í pẹ́ náà. Mẹ́rin nínú wọn ló gbé Choice Band, Choice Specs tàbí Choice Scarf, àwọn ohun èlò tó ń fi kún agbára tàbí eré wọn. Ọ̀rẹ́ mi ní eré ọmọdé ni mò ń ṣe, pé kí n yọ ẹyọ kan kí n fi Blissey, tó jẹ́ olódi (olùdáàbòbò tó ń dúró gba ìyà), rọ́pò rẹ̀. Ṣé kí n gbọ́ tiẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ má gbọ́ tiẹ̀. Kò sí ohun tó ṣe Blissey, àmọ́ nínú tíìmù tiyín, ọ̀nà ló máa ṣí sílẹ̀ fún alátakò. Ẹ̀mí rẹ̀ pọ̀ lóòótọ́, 255, ṣùgbọ́n Attack rẹ̀, ìyẹn agbára ìkọlù, ò ju 10 lọ. Ẹni tó bá rí i níwájú á fara balẹ̀ lo Swords Dance, tó ń sọ Attack ẹni di ìlọ́po méjì, ó mọ̀ pé kò sí nǹkan gidi tí Blissey fẹ́ fi ṣe òun. Ìyípo kan (àyè tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní láti ṣe nǹkan kan) tí ẹ fi ta á lọ́rẹ yẹn, àwọn márùn-ún tó kù ni yóò jẹ gbèsè rẹ̀, torí kò sí èyí tó lè dúró gba ìyà nínú wọn. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ tíìmù olódi, kó kọ́ ọ délẹ̀. Olódi kan ṣoṣo láàárín akọlù márùn-ún ò wúlò fún ẹnikẹ́ni.

Ohun tó ń jẹ́ kí tíìmù akọlù borí kọjá pé ó lágbára. Ìyípo ló ń jí lọ́wọ́ alátakò. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ká ní ẹ̀ṣẹ́ kan látọwọ́ akọlù yín ń mú ìdá 45 nínú 100 ẹ̀mí olódi kan lọ, olódi náà sì ní Recover, tó ń dá ìdá 50 padà. Ẹ lù ú, ó wo ara rẹ̀ sàn, ẹ tún lù ú, ó tún wo ara rẹ̀ sàn. Títí Recover yóò fi tán, ìyẹn lẹ́ẹ̀mẹjọ, ẹ ò tíì ṣe nǹkan kan. Ẹ wá tún un ṣe báyìí: ẹ ti fi Stealth Rock, òkúta tó ń ṣe ẹni tó bá wọlé léṣe, sílẹ̀ kó tó wọlé, òkúta sì ti gba ìdá 12.5 lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ní ìyípo tó ń wọlé yẹn gan-an, ẹ̀yin ń lo Swords Dance, agbára yín di ìlọ́po méjì. Ìdá 45 di 90. Ẹ fi 12.5 kún un, ó di 102.5. Bí tiyín bá yára jù ú lọ, ó ti kú kó tó rántí Recover.

Ẹ kíyè sí i pé òkúta tó dà bíi nǹkan kékeré yẹn ló parí iṣẹ́ náà. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí Garchomp máa ṣíwájú pẹ̀lú Focus Sash (tí kì í jẹ́ kí ẹ̀ṣẹ́ kan ṣoṣo pa á bí ẹ̀mí rẹ̀ bá pé), kó fi Stealth Rock sílẹ̀, kó sì jà títí tí yóò fi ṣubú. Gholdengo ló máa ń ṣọ́ òkúta yẹn, torí Rapid Spin ò ràn án, bẹ́ẹ̀ ni Defog ò ràn án, àwọn méjèèjì tí wọ́n fi ń kó òkúta kúrò. Heavy-Duty Boots tó dé ní 2019 ti jẹ́ kí àwọn kan máa tẹ òkúta kọjá, ẹ má gbàgbé. Dragonite tiyín gan-an ló yẹ kó wọ̀ ọ́, nítorí òkúta ń gba ìdá 25 lọ́wọ́ rẹ̀, Multiscale rẹ̀, tó ń dín ẹ̀ṣẹ́ kù sí ìdajì, kì í sì í ṣiṣẹ́ bí ẹ̀mí ò bá pé.

Ibi tó máa ń ṣòro jù fún àwọn tí mò ń kọ́ ni ti kíkú. Wọ́n á máa sá pẹ̀lú Garchomp tó ku ẹ̀mí ẹyọ kan, bí ẹni pé wọ́n fẹ́ gbé e lọ sílé. Kí ló kù tó fẹ́ ṣe? Bí ẹ bá fọwọ́ ara yín pààrọ̀ rẹ̀, èyí tó ń wọlé ló máa jẹ ẹ̀ṣẹ́ náà. Bí ó bá kú síbẹ̀, èyí tó kàn á wọlé láìfarapa, á sì rí àyè lo Dragon Dance tàbí Nasty Plot láti fi kún agbára rẹ̀. Kingambit tiẹ̀ ń jèrè nínú rẹ̀: pẹ̀lú Supreme Overlord, òkú ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń fi ìdá 10 kún agbára ìkọlù rẹ̀, títí dé 50. Ẹ fi í sí ìkẹyìn.

Choice wá ni àrùn tó ń ṣe tíìmù yín. Ó ń fún yín ní ìlọ́po kan àtààbọ̀ agbára tàbí eré lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń tì yín mọ́ ìkọlù kan ṣoṣo. Bí Dragapult bá ti há sórí Shadow Ball, alátakò á kàn gbé Pokémon ẹ̀yà Normal, tí Shadow Ball ò ràn, wọlé, ẹ sì ti tún ta á lọ́rẹ ìyípo. Mẹ́rin ti pọ̀ jù. Ẹ fi Specs sílẹ̀ fún Dragapult nìkan. Kí Iron Valiant gbé Booster Energy, tó ń mú un lágbára sí i, kó sì kọ́ Swords Dance, kí ohun tó ń dènà òun àti Dragonite lè jọ jẹ́ ọ̀kan náà: bí ọ̀kan bá ti lu olódi yẹn dé ìdajì, èkejì á fọ́ ọ. Dondozo nìkan ni kí ẹ má gbìyànjú èyí lórí rẹ̀, Unaware rẹ̀ ò ka Swords Dance sí. Special Defense rẹ̀, ìyẹn ààbò lọ́wọ́ ìkọlù àkànṣe irú èyí tí Specs ń fi kún, ni 65, Dragapult ni kí ẹ rán sí i.

Ti oríire, mi ò ní parọ́ fún yín. Ìjà kúkúrú ń dín àyè ìjàǹbá kù, ìjà olódi lè lé ní ọgọ́rùn-ún ìyípo, critical hit, ẹ̀ṣẹ́ àìròtẹ́lẹ̀ tó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, sì ń wáyé lẹ́ẹ̀kan nínú 24. Àmọ́ ìjàǹbá kan péré ń dun akọlù ju olódi lọ. Ìkọlù Stone Edge ń bá ìdá 80 nínú 100. Pé kó bá lẹ́ẹ̀mẹta léraléra, bí ìdá 51 ni. Bí ìkọlù tí kì í tàsé bá tó pa alátakò, òun ni kí ẹ lò, kódà bí agbára rẹ̀ ò pọ̀ tó ti èkejì.

Ti ìjà méjì sí méjì yàtọ̀ sí gbogbo èyí. Protect, tó ń dènà ẹ̀ṣẹ́, àti Fake Out, tó ń dá alátakò dúró, ń jẹ ìyípo níbẹ̀, mẹ́rin péré lẹ sì ń mú nínú mẹ́fà, nítorí náà ẹ má gbé tíìmù yìí lọ síbẹ̀ bó ṣe wà.