Èsì: Ṣé kí n ṣáà gba ọ̀nà tí GPS bá mú wá?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìmúra ìrìnàjò o. Ẹ ní ẹ fẹ́ wa mọ́tò láti London lọ kí ọmọ yín ní Cardiff, ẹ wá ń béèrè bóyá kí ẹ ṣáà tẹ̀lé ọ̀nà tó kúrú jù tí GPS, ìyẹn máàpù orí fóònù tó ń júwe ọ̀nà, bá mú wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ mọ bó ṣe ń rí n'Ìbàdàn níbí: fóònù á ní kí ẹ gba Bẹẹrẹ sí Ọjà'ba, ẹ ó sì há sáàárín àwọn oníkẹ̀kẹ́ Marwa. Ní Wales, níbi tí Cardiff wà, ọ̀nà kúkurú lè jẹ́ ọ̀nà oko tí mọ́tò kan ṣoṣo gbà. Ó ṣẹlẹ̀ sí mi. Ògiri òkúta lọ́tùn-ún, ewé ń ha dígí lósì, mọ́tò kan kọjú sí mi gan-an. Èmi ni mo fẹ̀yìn rìn títí mo fi rí àyè yà sí. Àyà mi já!

M4, ọ̀nà márosẹ̀ tó ti London lọ sí Wales, ni kí ẹ gbà. Wọn ò gbowó lórí afárá odò Severn tí ẹ máa gbà wọ Wales mọ́ láti December 2018. Àárín London ló ń gbowó, kámẹ́rà ló sì ń ka nọ́ńbà ọkọ̀, ẹ ò ní rí ẹnikẹ́ni tó máa dá yín dúró. Ẹ dáńlóòdù máàpù náà sórí fóònù kí ẹ tó kúrò nílé, torí nẹ́tíwọ̀kì lè já lọ́nà.

Ọwọ́ òsì ni wọ́n ń rìn o! Tí ẹ bá dé ráńdábàòtù, ẹni tó ń bọ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún yín ni kí ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ kọjá.