Kí ló dé tí ojú ìwé Facebook kì í tán bí a bá ń fi ìka yí i?

Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Tẹ́lẹ̀, béèyàn bá ka ojú ìwé kan dé ìsàlẹ̀, ó di dandan kó tẹ bọ́tìnnì kí òmíràn tó ṣí. Ibẹ̀ lèèyàn ti máa ń rántí pé òun ti gbé omi kaná. Aza Raskin, ọ̀kan lára àwọn tó ń ṣètò bí ojú ìwé orí íńtánẹ́ẹ̀tì ṣe ń rí, ló yọ ìdádúró yẹn kúrò lọ́dún 2006. Òun fúnra rẹ̀ ti sọ ní gbangba pé òun kábàámọ̀ ọ̀hún.

Èyí tó burú jù, lójú tèmi, ni pé ẹ ò mọ ohun tó ń bọ̀. Mẹ́ta lè má já mọ́ nǹkan kan, kí ìkẹrin pa yín lẹ́rìn-ín. Àìmọ̀ yẹn ló ń múni bíi tẹ́tẹ́. B. F. Skinner, onímọ̀ nípa ìwà ẹ̀dá, ti rí i lára ẹyẹlé tipẹ́: èyí tó ń fi ẹnu sọ bọ́tìnnì, tó sì ń rí oúnjẹ níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kì í tètè jáwọ́.