Ta ló máa dúró ti Bàbá?

Ìyá ìbejì kan tó ń gbé ní Houston ló béèrè ọ̀rọ̀ yìí:

"Ẹ̀yin òbí ẹgbẹ́ mi, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ọ̀sẹ̀ 11 rèé tí wọ́n ti ṣe báípáàsì, iṣẹ́ abẹ ọkàn, fún bàbá mi níbí. Ẹni ọdún 69 ni wọ́n, Ọ̀yọ́ ni wọ́n ti wá, ìsọ̀ wọn ò jìnnà sí ọjà Àkẹ̀sán. A ti ṣèlérí ọgbà eré Disney ti Orlando fún àwọn ọmọ láti ọdún tó kọjá. Bàbá ní àwọn á bá wa lọ, pé àwọn ò wá sí Amẹ́ríkà láti wá máa wo ògiri. Ṣé ká lọ ní July, àbí ká fi wọ́n sílẹ̀ sọ́dọ̀ ẹnì kan?"

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú Bàbá, ẹ sì kú ewu. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, Òkè-Ẹlẹ́rìn ni ilé wa. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin ará Ọ̀yọ́ kì í fẹ́ gbọ́ tiwa, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí. Èmi kì í ṣe dókítà. Ohun tójú mi rí lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn ni mo fẹ́ sọ.

April ni wọ́n pààrọ̀ fáàfù kan nínú ọkàn màmá mi. Nígbà tó fi di July, wọ́n ti ń rìn yí àdúgbò ká, wọ́n ti fẹ́ máa gba ọmọ odó lọ́wọ́ ìyàwó mi. Dókítà ní kò séwu, kí wọ́n ṣáà má gun ohun tó ń já ṣòòròṣò wálẹ̀. Ìyẹn nìkan ni mo gbọ́. Mi ò béèrè nípa oòrùn. A wakọ̀ láti Atlanta lọ sí ọgbà eré kan ní Florida, a ń dúró lójú ọ̀nà kí Màmá lè na ẹsẹ̀, nítorí wọ́n ti kìlọ̀ fún wa pé ẹ̀jẹ̀ máa ń dì sí ẹsẹ̀ ẹni tó bá jókòó pẹ́. Inú mi dùn pé mo mọ nǹkan ṣe.

Lẹ́nu ọ̀nà ọgbà eré náà, a háyà kẹ̀kẹ́ tí wọ́n á jókòó sí. Màmá ní ṣé kẹ̀kẹ́ arọ lèyí, àwọn tí àwọn ń fẹsẹ̀ rìn láti Òkè-Ẹlẹ́rìn dé Tákíé! A bẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi jókòó.

Nígbà tó di nǹkan bí aago méjì ọ̀sán, àwọn ọmọkùnrin mi méjèèjì fẹ́ gun rólà-kósítà, ọkọ̀ eré tó ń sáré lójú irin. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára pátákó pé ẹni tó bá ní àìsàn ọkàn, ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ̀yìn dídùn tàbí oyún kò gbọdọ̀ gùn ún. Mo tiẹ̀ ya fọ́tò pátákó yẹn, mo fi pa Màmá lẹ́rìn-ín. A gbé wọn sábẹ́ igi kan, a fi ọmọ mi obìnrin tì wọ́n. Ọmọ ọdún 8 ni nígbà yẹn. Èmi àti ìyàwó mi bá tẹ̀lé àwọn ọkùnrin. Ìlà yẹn tó wákàtí kan, fóònù wa sì wà nínú àpótí tí wọ́n ní ká ti ẹrù wa mọ́. Ètò wà pé kí òbí kan dúró ti ẹni tí kò lè gùn, kí èkejì gùn, kí wọ́n sì gba ipò ara wọn láì tún tò. Disney náà ní in. A mọ̀ nípa rẹ̀. A ò lò ó torí a fẹ́ kí fọ́tò wa pé.

Màmá wá sọ fún ọmọ yìí pé, "Àjọkẹ́, òòyì ń kọ́ mi. Bá n ké sí bàbá ẹ."

Ọmọ mi mọ "pè". Ká ní Màmá sọ pé "pe bàbá ẹ wá" ni, á ti sáré. Ṣùgbọ́n "ké sí" ló yá lẹ́nu wọn. "Ké" kan ṣoṣo tí ọmọ yẹn sì mọ̀ láyé ni "má ké mọ́" tí a fi ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún nígbà tó wà ní kékeré. Ó fi òyìnbó dá Màmá lóhùn pé òun ò ké o. Ó tún rẹ́rìn-ín músẹ́, kí Màmá lè rí i pé òun ò ké lóòótọ́. Màmá tún un wí. Òun náà tún rẹ́rìn-ín.

Obìnrin kan tó ń ti kẹ̀kẹ́ ọmọ ọwọ́ kọjá ló rí i pé orí Màmá ti yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, pé áísìkirímù ọwọ́ wọn ti yọ́ dà sórí ìró. Òun ló ké sí àwọn nọ́ọ̀sì ọgbà. Nígbà tá a máa fi dé, wọ́n ti gbé ẹsẹ̀ Màmá sókè, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn sì ti já wálẹ̀ sí 84 lórí 50. Ilé ìwòsàn la ti mọ́jú. Kì í ṣe ọkàn ló bàjẹ́. Omi ló tán lára wọn. Wọ́n ń lo oògùn tó ń mú kí wọ́n máa tọ̀, wọ́n ń lo èyí tó ń mú kí ọkàn máa lù jẹ́jẹ́, wọ́n sì ti kọ omi láti àárọ̀ kí wọ́n má baà máa dà wá láàmú pé àwọn fẹ́ tọ̀. Oòrùn Florida lóṣù yẹn, bí ẹni ṣí ìdérí ìkòkò mọ́ni lójú ni.

Nínú ọkọ̀, ọmọ mi bi mí pé kí ni Grandma ń sọ nígbà yẹn. Mo ní wọ́n ní ó rẹ àwọn ni.

Mo mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ bi mí. Ọmọ yẹn pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀, olùkọ́ rẹ̀ kan sì ní ká fi òyìnbó nìkan bá a sọ̀rọ̀ nílé kó má baà dàrú mọ́ ọn lójú. Iṣẹ́ òru ni mò ń ṣe nígbà yẹn. Ta ni mo fẹ́ bá jiyàn? Ẹni tó bá wà ní Atlanta tó ń ṣiṣẹ́ òru kó wá bá mi wí.

Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ìbéèrè yín. Ẹ fi July sílẹ̀, ẹ jẹ́ kó di November. Egungun àyà tí wọ́n fi wáyà dì, ó lè gbà tó oṣù mẹ́ta kó tó san, torí náà Bàbá ò gbọdọ̀ gbé ìbejì kankan báyìí, bó ti wù kí wọ́n sunkún tó. Ẹ jẹ́ kí wọ́n parí eré ìmárale tí ilé ìwòsàn ń ṣètò fún ẹni tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ọkàn fún. Ó sábà máa ń tó ìgbà 36. Ẹ béèrè ìwọ̀n omi tó yẹ kí wọ́n máa mu, torí kì í ṣe gbogbo aláìsàn ọkàn ni wọ́n ń gbà láyè kó mumi bó ṣe wù ú. Kẹ́ ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ kọ́kọ́ yan ẹni tó máa dúró ti Bàbá. Kó jẹ́ àgbàlagbà, kó sì gbọ́ Yorùbá Ọ̀yọ́ dáadáa, kì í ṣe ti "ẹ káàárọ̀, ẹ ṣé" lásán. Ẹ bá mi kí wọn.

Màmá ti padà sílé. Wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni ní Òkè-Ẹlẹ́rìn. Ohun tí wọ́n ń rò káàkiri ni pé ọmọ àwọn gbé àwọn lọ síbi tí ọkọ̀ ojú irin ti ń dorí kodò. December tó kọjá, a kó àwọn ọmọ lọ kí wọn. Lọ́jọ́ kan tá a jẹ ọkà tán, àwọn ọmọ àdúgbò ń pòòyì lábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n ń ṣubú lura wọn, wọ́n ń pariwo pé "Òòyì ń kọ́ mi o!" Ọmọ mi, tó ti pé 13 nígbà yẹn, dúró, ó ń gbọ́. Ó wá yíjú sí Màmá, ó ní, "Grandma, kí ni òòyì?"

Màmá ò dá a lóhùn. Èmi ni wọ́n ń wò. Mo dìde, mo ní kí n lọ wò ó bóyá wọ́n ti mú iná dé.