Kí Ẹ Tó San Owó fún Másítà nínú Sáíkọ́lọ́jì Ìwà Ọ̀daràn

Ẹ ní ẹ ti gba oyè àkọ́kọ́ nínú sáíkọ́lọ́jì nílé, ẹ fẹ́ lọ ka másítà nínú sáíkọ́lọ́jì ìwà ọ̀daràn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ sì béèrè ohun mẹ́ta: ṣé iṣẹ́ wà lẹ́yìn rẹ̀, ṣé ìṣirò pọ̀ níbẹ̀, ṣé ẹ lè jókòó sí Ìbàdàn kí ẹ máa kọ́ ọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì? Kirimínọ́lọ́jì, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa ìwà ọ̀daràn àti ohun tí ó ń fà á, pẹ̀lú ètò ìdájọ́ ọ̀daràn, ni èmi kọ́ fún másítà ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí mo ń fi iṣẹ́ alẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó san owó ilé. Àwọn tí ó ti ẹ̀wọ̀n dé, àti àwọn tí ilé ẹjọ́ ní kí wọ́n fi iṣẹ́ ìlú jẹ ìyà ẹ̀ṣẹ̀ wọn dípò ẹ̀wọ̀n, ni mo ń bá ṣiṣẹ́ báyìí. Nítorí náà, ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ, kì í ṣe ohun tí àwọn yunifásítì ń kọ sínú ìwé ìpolówó wọn.

Orúkọ kọ́ọ̀sì ni kí ẹ kọ́kọ́ fojú sí, nítorí ibẹ̀ ni owó ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wọlẹ̀ sí. Kò sí òfin tí ó ní kí ẹnikẹ́ni má pe ara rẹ̀ ní onímọ̀ sáíkọ́lọ́jì ìwà ọ̀daràn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Oyè iṣẹ́ tí òfin dáàbò bò ni forensic psychologist, ìyẹn onímọ̀ sáíkọ́lọ́jì tí ó ń bá ilé ẹjọ́ àti ọgbà ẹ̀wọ̀n ṣiṣẹ́. Láti oṣù Keje ọdún 2009 ni HCPC, àjọ tí ó ń bójútó àwọn òṣìṣẹ́ ìlera, ti ń tọ́jú ìwé orúkọ àwọn tí ó ní ẹ̀tọ́ sí i, ẹni tí ó bá sì ń jẹ oyè náà láìjẹ́ pé orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ ti ṣẹ̀ sí òfin, òun alára ti di ọ̀daràn tí ó ní òun fẹ́ yẹ̀ wò. Ọ̀nà ibẹ̀ gùn. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáíkọ́lọ́jì, tí a mọ̀ sí BPS, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbà pé oyè àkọ́kọ́ yín bá ìlànà wọn mu. GBC ni wọ́n ń pe ìyẹn. Fún oyè tí a gbà ní Nàìjíríà, ẹ ó fi èsì ìdánwò àti àlàyé àwọn kọ́ọ̀sì tí ẹ ṣe ránṣẹ́, ẹ ó san owó, wọn ó sì yẹ̀ ẹ́ wò fúnra wọn. Bí wọ́n bá ní ó kù díẹ̀ káàtó, kọ́ọ̀sì ìyípadà, èyí tí yóò dí ohun tí ó kù, ni ẹ ó kọ́kọ́ ṣe. Lẹ́yìn náà ni másítà ọdún kan tí BPS fọwọ́ sí, èyí tí í ṣe ìpele kìíní, kí ó tó wá kan ìpele kejì, tí ẹ ó fi ó kéré tán ọdún méjì ṣiṣẹ́ lábẹ́ alábòójútó, tí ẹ ó sì máa kó ẹ̀rí iṣẹ́ yín jọ. Àwọn yunifásítì bíi Birmingham àti Nottingham ní ètò dókítà tí ó kó ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́ yìí pọ̀, ṣùgbọ́n àyè ibẹ̀ kò pọ̀ rárá.

Ọ̀pọ̀ kọ́ọ̀sì ni ó ń jẹ́ orúkọ tí ó dùn létí, tí BPS kò fọwọ́ sí. Ẹ kọ lẹ́tà sí yunifásítì náà, kí ẹ béèrè ní gbólóhùn kan ṣoṣo bóyá BPS gba kọ́ọ̀sì yìí gẹ́gẹ́ bí ìpele kìíní nínú forensic psychology. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn ilé ìkàwé àti àwọn olùkọ́ tí ó gbajúmọ̀, ẹ ti rí ìdáhùn gbà nìyẹn. Sosiọ́lọ́jì ni oyè àkọ́kọ́ tèmi, ọ̀nà yẹn kò sì sí lára ohun tí mo ń wá láti ìbẹ̀rẹ̀. Kirimínọ́lọ́jì tó fún iṣẹ́ tí mo fẹ́ ṣe. Fún ẹ̀yin tí ẹ ti ní sáíkọ́lọ́jì lọ́wọ́, àdánù ni yóò jẹ́ bí ẹ bá lọ san owó gọbọi lórí kọ́ọ̀sì tí kò lè gbé yín dé ibi tí oyè yín ti lè gbé yín dé.

Ní ti iṣẹ́, àwọn ọgbà ẹ̀wọ̀n ìjọba lábẹ́ HMPPS, àjọ tí ó ń bójútó ọgbà ẹ̀wọ̀n, ni wọ́n ń gba àwọn tí ó ń kọ́ṣẹ́ forensic psychologist jù, lẹ́yìn wọn ni àwọn ilé ìwòsàn aláàbò líle, tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn aláìsàn ọpọlọ tí ó léwu, bíi Broadmoor, Rampton àti Ashworth. Wọn ó yẹ ìtàn ìgbésí ayé yín wò fínnífínní, títí dé ibi tí ẹ ti gbé láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn, nítorí náà ilẹ̀kùn yẹn kì í tètè ṣí fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀kalẹ̀ nínú bàálù. Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ físà. Físà Graduate tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń dúró ṣiṣẹ́ lẹ́yìn másítà jẹ́ ọdún 2, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá béèrè fún un láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2027, oṣù 18 ni yóò gbà. Ìpele kejì tí mo sọ lókè yìí nìkan ti ju oṣù 18 lọ, ẹ kò sì tíì ka àkókò tí ẹ ó fi wá iṣẹ́ náà rí. Láti oṣù Kìíní ọdún 2024, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá bẹ̀rẹ̀ irú másítà yìí kò lè mú ọkọ, ìyàwó tàbí ọmọ dání mọ́. Ẹni tí ó ní ìdílé gbọ́dọ̀ jókòó pẹ̀lú àwọn ará ilé rẹ̀ sọ òkodoro ọ̀rọ̀ yìí kí ó tó ta ilẹ̀ kankan. Iṣẹ́ wà fún àwa oníkirimínọ́lọ́jì náà, ní ilé tí àwọn tí ó ti ẹ̀wọ̀n dé ń gbé, ní ẹgbẹ́ tí ó ń ran àwọn tí wọ́n ṣe ní ibi lọ́wọ́, ní ẹ̀ka àwọn ọ̀dọ́ tí ó ṣẹ̀ sófin. Owó ibẹ̀ kò pọ̀, orúkọ ibẹ̀ kò sì ga.

Ìṣirò pọ̀ níbẹ̀. Ẹ ó lo SPSS tàbí R, àwọn ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe ìṣirò, ẹ ó sì mọ ìyàtọ̀ láàárín ohun tí ó ń bá ohun mìíràn rìn àti ohun tí ó fà á. Àpẹẹrẹ kan ni a fi odindi ọ̀sẹ̀ kan yẹ̀ wò ní kíláàsì wa. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ọgbà ẹ̀wọ̀n England àti Wales fi ń ṣe ètò àtúnṣe kan, SOTP, fún àwọn ọkùnrin tí ó dẹ́ṣẹ̀ ìbálòpọ̀, gbogbo ènìyàn sì gbà pé ó ń ṣiṣẹ́. Ní ọdún 2017, Iléeṣẹ́ Ètò Ìdájọ́ gbé ìwádìí jáde lórí àwọn 2,562 tí ó ṣe ètò náà, wọ́n fi wọ́n wé àwọn tí ó lé ní 13,000 tí kò ṣe é, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́jọ tí wọ́n ti ń tọ ipasẹ̀ wọn. Nínú àwọn tí ó ṣe ètò náà, ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó tún dá irú ẹ̀ṣẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nínú àwọn tí kò ṣe é, ìdá 8 ni. Wọ́n pa ètò náà tì, wọ́n fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ẹni tí kò gbọ́ ìṣirò yóò ní ẹ̀kọ́ ni ó ba àwọn ènìyàn náà jẹ́, tàbí kí ó ní irọ́ ni. Ẹni tí ó gbọ́ ọ yóò béèrè bí wọ́n ṣe mọ̀ pé àwọn ìsọ̀rí méjèèjì jọra, bóyá ohun kan tí kò sí nínú ìwé ni ó ya wọ́n sọ́tọ̀, àti bí ìyàtọ̀ ìdá 2 yẹn ṣe lágbára tó. Ìbéèrè wọ̀nyẹn gan-an ni wọn ó bi yín nínú ìdánwò, àti níbi iṣẹ́.

Bí ó bá jẹ́ pé fíìmù ni ó fà yín wá, níbi tí ọlọ́gbọ́n kan ti ń wo ibi tí wọ́n ti pa ènìyàn tí ó sì ń ṣàpèjúwe apànìyàn náà dé orí bàtà rẹ̀, ẹ fara balẹ̀ ka ẹjọ́ Rachel Nickell. Ọjọ́ 15 oṣù Keje ọdún 1992 ni wọ́n pa obìnrin ẹni ọdún 23 yìí ní Wimbledon Common ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, ní ojú ọmọ rẹ̀ kékeré. Àwọn ọlọ́pàá gba àpèjúwe irú ẹni tí ó lè ṣe é lọ́wọ́ onímọ̀ sáíkọ́lọ́jì kan, ojú wọn bọ́ sára Colin Stagg, wọ́n sì rán ọlọ́pàá obìnrin kan sí i kí ó díbọ́n bí ẹni tí ó fẹ́ ẹ, kí Stagg lè fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́. Kò jẹ́wọ́, síbẹ̀ wọ́n gbé e lọ sí ilé ẹjọ́. Ní ọdún 1994, Adájọ́ Ognall bẹnu àtẹ́ lu gbogbo ètekéte náà, ó kọ ẹ̀rí wọn, ẹjọ́ sì tú ká. Ọdún 2008 ni Robert Napper tó gbà pé òun ni, lẹ́yìn tí àyẹ̀wò DNA ti tọ́ka sí i. Láàárín àkókò yẹn, ó ti pa Samantha Bisset àti ọmọbìnrin rẹ̀ ní ọdún 1993. Mo máa ń rán àwọn ọmọ ilé ìwé tí ó bá béèrè lọ́wọ́ mi létí pé ìyà méjì ni àpèjúwe yẹn mú wá: ó fi aláìṣẹ̀ sí àhámọ́ fún ohun tí ó lé ní ọdún kan, ó sì mú kí ojú kúrò lára ẹni tí ó ṣe é.

Iṣẹ́ gidi inú ẹ̀kọ́ yìí ni ìwé àyẹ̀wò ewu, èyí tí ó ń sọ fún adájọ́ tàbí Ìgbìmọ̀ Paròólù, tí ó ń pinnu bóyá kí ẹlẹ́wọ̀n jáde, bí ó ṣe ṣeé ṣe tó pé ẹnì kan yóò tún ṣe ohun tí ó ṣe. Olùkọ́ wa fún wa ní fáìlì àròsọ kan kí a fi kọ́ ọwọ́. Mo kọ ọ́ pé, “Oníjàgídíjàgan ni, kò sì ní àánú.” Ó fi bírò pupa fa ìlà sí i lábẹ́, ó kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé, “Ta ni ó rí i? Níbo? Ìgbà wo?” Nígbà tí mo máa tún un kọ, ohun tí ó kù ni pé, gẹ́gẹ́ bí wọ́dà ṣe kọ ọ́ sílẹ̀ ní oṣù Kẹta, ọkùnrin náà ti ẹnì kan lulẹ̀ lórí ìlà oúnjẹ, nígbà tí wọ́n sì bi í léèrè, ó ní ẹni náà bú ìyá òun. Gbólóhùn kejì yẹn gùn, kò dùn kà, ṣùgbọ́n agbẹjọ́rò kankan kò lè fà á ya. (Ẹ̀yin náà mọ bí bíbú ìyá ẹni ṣe rí lára ọmọ Yorùbá, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n yóò kàn kà á sí àwáwí.)

Ibí yìí ni àwa tí a ti ilé wá ti wúlò, ibẹ̀ náà ni ó sì ti nira fún wa. Ní ọjọ́ kan tí a ń fi ara wa dánra wò nínú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, èmi ni mo ṣe ẹlẹ́wọ̀n, olùkọ́ àgbà kan sì ni ó ń bi mí léèrè. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń ṣàkíyèsí wa kọ ọ́ sílẹ̀ pé ojú mi ń sá, pé ó dà bí ẹni pé mo ń fi nǹkan pamọ́. Ilẹ̀ ni mo ń wò nítorí àgbà ni ó ń bá mi sọ̀rọ̀, bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn. Ìwọ̀n tí onímọ̀ sáíkọ́lọ́jì Robert Hare ṣe ní Kánádà láti fi mọ ẹni tí kò ní àánú tàbí ẹ̀rí ọkàn (psychopathy), PCL-R, ní ohun 20 tí wọ́n ń fún ní máàkì láti òdo dé méjì, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 40. Ó lágbára, ṣùgbọ́n ènìyàn ni ó ń fún ènìyàn ní máàkì, àṣà ẹni tí ó ń fúnni ní máàkì sì ń wọ inú rẹ̀. Mo bá olùkọ́ náà sọ ọ́, ó sì jẹ́ kí a jíròrò rẹ̀ títí kíláàsì fi parí.

Bí ó bá jẹ́ pé ilé ni ẹ fẹ́ padà sí, ẹ dojú ìwádìí yín kọ ọ̀rọ̀ ìjẹ́wọ́. Òfin ìṣàkóso ìdájọ́ ọ̀daràn, ACJA ti ọdún 2015, ṣètò ní abala 15 pé kí wọ́n máa ká ìjẹ́wọ́ afurasí sórí fídíò, abala 17 sì ní kí agbẹjọ́rò tàbí ẹlòmíràn tí òfin dárúkọ wà níbẹ̀ nígbà tí ó bá ń sọ tẹnu rẹ̀. Gísli Guðjónsson, ọmọ Iceland tí ó di onímọ̀ sáíkọ́lọ́jì ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣàlàyé ìdí tí ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ fi lè jẹ́wọ́, iṣẹ́ rẹ̀ sì ran àwọn ẹjọ́ bíi ti Birmingham Six lọ́wọ́, àwọn tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1991. Nígbà tí ó jẹ́ pé àwọn tí ó ń retí ìdájọ́ ni ó pọ̀ jù nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n wa, láti Agodi dé Kirikiri, ìmọ̀ yìí wúlò nílé ju ìtàn apànìyàn oníkọ̀rọ̀ lọ.

Fún iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá yín, ẹ má fi ọkàn sí i pé ẹ ó wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n lọ bá ẹlẹ́wọ̀n sọ̀rọ̀. Ìgbìmọ̀ Ìwádìí HMPPS ni ó ń fúnni láàyè, wọn kì í sì í tètè fún akẹ́kọ̀ọ́ másítà. Àkọsílẹ̀ ilé ẹjọ́ Old Bailey láti ọdún 1674 sí 1913, tí ẹjọ́ inú rẹ̀ lé ní 197,000, wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀rọ̀ tí àwọn adájọ́ òde òní ń sọ nígbà tí wọ́n bá ń dá ẹ̀wọ̀n fúnni náà wà níta. Ẹ wá ẹni tí ẹ ó máa bá sọ̀rọ̀ pẹ̀lú, nítorí kíka ohun tí wọ́n ṣe sí ọmọdé lójoojúmọ́ ń wọni lára.

Ìbéèrè kẹta yín: bẹ́ẹ̀ ni, ẹ lè kọ́ kirimínọ́lọ́jì láti Ìbàdàn. Leicester àti Portsmouth ti pẹ́ nínú kíkọ́ni láti òkèèrè, NOUN náà sì ń kọ́ni ní kirimínọ́lọ́jì àti ẹ̀kọ́ ààbò nílé. Kò ní gba físà, bẹ́ẹ̀ ni kò ní bí físà Graduate, ṣùgbọ́n fún ẹni tí ó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ọlọ́pàá, iṣẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n tàbí iṣẹ́ òfin nílé, mo rò pé òun ni ó dára jù. Kí ẹ tó pinnu, ẹ kọ́kọ́ fi èsì ìdánwò yín ránṣẹ́ sí BPS. Bí wọ́n bá ti sọ ohun tí ó kù, ẹ kọ ọ́ síbí, n óò bá yín wo irú kọ́ọ̀sì tí ó lè dí i.