Ẹ Bi Wá Ká Jọ Gbọ́: Dátà Sátẹ́láìtì Ojú Ọjọ́, Ṣé Ọ̀fẹ́ Ni Lóòótọ́?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Final year ni mo wà, òjò oníjì tó máa ń jà láàárín March sí May ni mo fẹ́ fi ṣe prójẹ́ẹ̀tì, sùpáfáísọ̀ mi wá ní àfi kí n lo àwòrán sátẹ́láìtì. Ẹnì kan ti ní kí n mú 80,000 náírà wá kóun bá mi wá dátà ẹ̀. Ṣé iye tó ń lọ nìyẹn? Láptọ́ọ̀pù mi náà kàn ń mí hẹlẹhẹlẹ ni o.
Akẹ́kọ̀ọ́, Àkúrẹ́

ÌDÁHÙN: Àbúrò, tọ́jú owó ẹ. Ibi tẹ́ni yẹn fẹ́ lọ mú un, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń fún un níbẹ̀. Sátẹ́láìtì tó ń wo ọ̀dọ̀ wa dáadáa ni Meteosat, ti EUMETSAT, àjọ táwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù jọ dá sílẹ̀ lọ́dún 1986, Darmstadt ní Jámánì ni wọ́n wà. Òkè Gulf of Guinea gan-an ló dúró sí, nǹkan bí 36,000 kìlómítà sókè, bí ayé ṣe ń yí lòun náà ń bá a yí, ìdí nìyẹn tí ojú ẹ̀ kì í fi í kúrò lára wa tọ̀sán tòru. Ìṣẹ́jú 15 ló fi ń ya àwòrán kan. Tuntun tí wọ́n jù sókè ní December 2022 tún yá jùyẹn lọ, ìṣẹ́jú 10 péré, ó sì ń rí mànàmáná, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ òjò ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn lo fẹ́ wò, ti àtijọ́ yẹn ni kó o lọ bá.

Lọ sí Data Store wọn, ìyẹn ibi tí wọ́n kó dátà sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, fi ìmeèlì ẹ ṣí àkáǹtì, ka àdéhùn tí wọ́n gbé síwájú ẹ kó o tó tẹ̀ ẹ́, ó parí.

Ibi tí wàhálà wà ni gbígbé e délé. Fáìlì kan ṣoṣo lé ní 200 megabyte, 96 ni lójúmọ́, bá mi ṣírò ẹ̀ wò, ó ti lé ní 19 gigabyte fún ọjọ́ kan, o ò tíì wo òjò ọjọ́ kejì o! Èmi náà ti jìyà ẹ̀ rí, mo ra night plan, mo jókòó ti láptọ́ọ̀pù láti aago mọ́kànlá alẹ́ bí ọlọ́dẹ, nígbà tílẹ̀ máa fi mọ́ fáìlì mẹ́ta ló wọlé, ọ̀kan nínú ẹ̀ ò tiẹ̀ ṣí. Mi ò mọ̀ nígbà yẹn pé wọ́n lè bá mi gé e. Ṣó o rí i, tó o bá lọ ra ẹran, o ò ní kí alápatà di odidi màlúù fún ẹ, ibi tó o fẹ́ lo máa nà ìka sí. Data Tailor lorúkọ ọ̀bẹ tiwọn. Sọ fún un pé longitude 2 sí 7 ìlà oòrùn, latitude 6 sí 10 àríwá, ṣánẹ́ẹ̀lì 10.8 nìkan nínú ṣánẹ́ẹ̀lì 12, ìyẹn ojú méjìlá tí sátẹ́láìtì náà fi ń wo ayé, á gé e kó tó gbé e fún ẹ, wàá rí i pé ó ti fúyẹ́.

Ti láptọ́ọ̀pù tó ń mí hẹlẹhẹlẹ yẹn, lo Google Colab. Dátà á ti Jámánì lọ tààrà sórí kọ̀ǹpútà Google, ibẹ̀ náà ni iṣẹ́ ti máa ṣe, àwòrán tó bá ti jinná nìkan lo máa gbé wálé. Sọ́fítíwià tó máa ka fáìlì náà ni Satpy, Python, èdè tí wọ́n fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, ni wọ́n fi kọ ọ́, àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ ní Sweden àti Denmark ló dá ẹgbẹ́ tó ń ṣe é sílẹ̀, ọ̀fẹ́ lòun náà.

Ṣùgbọ́n gbọ́ èyí o, torí ibẹ̀ lọ̀pọ̀ prójẹ́ẹ̀tì ti ń ṣubú: sátẹ́láìtì yìí ò rí òjò, orí àwọsánmà ló ń rí. Ṣánẹ́ẹ̀lì 10.8 yẹn ń wọn bí orí àwọsánmà ṣe tutù tó, èyí tó ga jù ló ń tutù jù. Òjò oníjì tìẹ yẹn, orí ẹ̀ lè tutù ju dígírì Celsius 60 lábẹ́ òdo lọ, ó máa hàn ketekete, àmọ́ orí àwọsánmà náà máa ń tẹ́ bí agbòòrùn, ó lè bo Ìbàdàn mọ́lẹ̀ kó jẹ́ pé Ògbómọ̀ṣọ́ lòjò ti ń rọ̀. Ẹni tó bá sì fẹ́ fi ṣe òjò July l'Ékòó, kó múra, torí àwọsánmà ìsàlẹ̀ tí ò tutù náà ń rọ òjò tiẹ̀ létí òkun, sátẹ́láìtì á máa wò ó bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Nítorí náà wá ìwọ̀n òjò tí wọ́n fi ike wọ̀n nílẹ̀, kó o gbé méjèèjì síra wọn. Tó bá jẹ́ iye òjò ojúmọ́ nìkan lo ń wá, TAMSAT ti Yunifásítì Reading ní ìlú òyìnbó ti bá wa fi Meteosat ṣírò ẹ̀ fún gbogbo Áfíríkà láti 1983, ọ̀fẹ́ ni, fáìlì ẹ̀ ò sì wúwo.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ mi, mo ka èyí tẹ́ ẹ kọ lóṣù tó kọjá lórí sátẹ́láìtì. Kí ló dé tí òyìnbó á fi ná owó tabua sójú ọ̀run kó wá máa pín dátà ẹ̀ kiri lọ́fẹ̀ẹ́? Kí ló wà nídìí ẹ̀?
Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, Ìwó

ÌDÁHÙN: Bàbá mi, ẹ ò jayò pa rárá, ìbéèrè àgbà nìyẹn. Àkọ́kọ́, òjò ò mọ ẹnubodè. Ìjì ńlá tó ń ya wọ Kúbà àti Florida, ọ̀pọ̀ ẹ̀ ló jẹ́ pé orí ilẹ̀ Áfíríkà níhà tiwa níbí ni atẹ́gùn ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ kó tó bọ́ sórí òkun, ẹni tílé ẹ̀ máa wó á fẹ́ káwọn èèyàn púpọ̀ máa ṣọ́ ọ. Ìkejì, lọ́dún 1995 WMO, àjọ ojú ọjọ́ àgbáyé, ṣe ìpinnu kan tó gba àwọn orílẹ̀-èdè níyànjú kí wọ́n jẹ́ kí dátà ojú ọjọ́ máa lọ láti ọwọ́ kan sí ìkejì lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn tó ń lò ó náà ló ń rí àṣìṣe tí ẹni tó ṣe é ò rí.

Owó orí aráàlú wọn ló ń gbé e, Bàbá, owó yẹn sì lè dáwọ́ dúró. Ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Unidata ní Boulder, ní Colorado l'Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti ṣe netCDF, irú fáìlì tí gbogbo wa ń fi kó dátà ojú ọjọ́ pa mọ́ lónìí. Ní May 2025 owó ìjọba tó ń gbé wọn ò dé lákòókò, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ wọn ló lọ jókòó sílé, iṣẹ́ sì dúró. Ẹni tí ò mọ̀ wọ́n rí náà mọ̀ ọ́n lára.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ṣé NigeriaSat tiwa ò lè bá wa ya àwọsánmà yìí ni?
Ọmọ girama, Ìjẹ̀bú Òde

ÌDÁHÙN: Rárá o. NigeriaSat-1 tí wọ́n jù sókè láti Rọ́ṣíà ní September 2003, ilẹ̀ ni wọ́n ní kó máa yà, oko, odò, ìlú, nígbà tó sì ń ṣiṣẹ́, ńṣe ló ń kọjá lọ, kì í dúró sójú kan. Àwọsánmà tó ò ń wá yẹn gan-an ló máa ń ba àwòrán ẹ̀ jẹ́ nígbà náà.