Mix, pò, lú àti àbùlà

Ẹnìkan béèrè lọ́wọ́ mi pé ọ̀rọ̀ Yorùbá wo ló ṣe déédéé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì nì, mix, àti pé ṣé àbùlà tí a fi ń jẹ àmàlà náà ni àbùlà tí a fi ń bú ẹmu tí kò dára.

Kò sí ọ̀rọ̀ Yorùbá kan ṣoṣo tó lè ṣe gbogbo iṣẹ́ mix, nítorí pé ohun tí ọwọ́ ń ṣe gan-an ni èdè wa ń wò kí ó tó sọ ọ́ lórúkọ. Ẹni tó da omi sí yanrìn àti sìmẹ́ǹtì, tó ń fi ṣọ́bìrì yí i, ń pò ó ni, gẹ́gẹ́ bí amọ̀kòkò ti ń po amọ̀. Ẹni tó da èlùbọ́ sínú omi híhó tó sì fa omorogùn yọ, àmàlà ló ń rò. Ẹni tó sì da ẹ̀wà àti àgbàdo pọ̀ sínú ìkòkò kan, ó da ọ̀kan lú èkejì, ibẹ̀ ni oúnjẹ tí à ń pè ní àdàlú ti gba orúkọ. Bí Gẹ̀ẹ́sì bá fi mix sọ̀rọ̀ nípa ẹni tó yára mọ́ àwùjọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi pò tàbí lú túmọ̀ rẹ̀; ẹ sọ pé ó mọ ènìyàn í bá gbé.

Àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì pàápàá yá mix ni. Mixt ló jẹ́ nígbà tó ti inú èdè Látìn gba ti Faransé dé ọ̀dọ̀ wọn. Wọ́n rò pé àmì ohun tó ti kọjá ni t ìparí rẹ̀, wọ́n sì gé e kúrò.

Ní ti àbùlà, bù àti là ló di ọ̀rọ̀ náà: kí a bu nǹkan sínú nǹkan mìíràn títí yóò fi là. Ẹmu tí a ti bomi là kì í ṣe ògidì mọ́. Ìdí nìyí tí Bíbélì Yorùbá fi sọ nínú Ìfihàn 14:10 pé a tú wáìnì ìbínú Ọlọ́run jáde láìní àbùlà. Ṣùgbọ́n ní Ìbàdàn, ẹni tó bá béèrè àbùlà, gbẹ̀gìrì àti ewédú tí a bù pọ̀ sórí àmàlà, pẹ̀lú ọbẹ̀ ata, ló ń fẹ́, inú rẹ̀ yóò sì dùn tí ó bá rí i.

Ọ̀rọ̀ kan náà ni méjèèjì, lójú tèmi. Iṣẹ́ ọwọ́ kan náà ni, ìfẹ́ ẹni tó fẹ́ jẹ tàbí tó fẹ́ mu ló yà wọ́n. Ẹ̀yìn ẹni tó fẹ́ mu ún ni ẹlẹ́mu ti bu omi sí agbè. Ojú oníbàárà ni ìyá alámàlà ti ń bu tirẹ̀, ìgbakọ gbẹ̀gìrì kan, ìgbakọ ewédú kan, á sì dúró bi í bóyá kí òun tún fi kún un.