Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ta Ni Ó Ń Wo Obìnrin Inú Àwòrán?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́. Ayàwòrán ni mí ní Ìjẹ̀bú-Òde. Iṣẹ́ tí mo dáwọ́ lé báyìí ni láti yẹ ọ̀nà tí àwọn ọ̀gá ayàwòrán ilẹ̀ Yúróòpù láyé àtijọ́ ń gbà ya obìnrin wò: èyí tó sùn gbalaja, èyí tó ń wẹ̀ nínú ọgbà, èyí tó ń wo dígí. Mo ń tún wọn yà, ojú àwọn obìnrin àdúgbò wa ni mo sì ń fi sí i. Ìyá ọkọ mi rí ọ̀kan, wọ́n ní ìhòhò ni mo ń tà. Ṣé kí n wọ aṣọ fún àwọn obìnrin náà ni, àbí kí n pa iṣẹ́ náà tì?

ÌDÁHÙN: Ẹ má ṣe pa á tì. Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé aṣọ ni yóò yanjú ọ̀rọ̀ náà, nítorí ayàwòrán lè da aṣọ bo obìnrin láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀ kí ó sì tún jẹ́ pé ohun ìwòran lásán ni ó fi í ṣe. Ohun tí ó yẹ kí ẹ máa bi ara yín níwájú kánfáàsì kọ̀ọ̀kan ni pé, kí ni obìnrin yìí ń ṣe fún ara rẹ̀, ta ni ó sì ń wò ó?

Ẹ gbé ìtàn Sùsánà yẹ̀ wò. Inú Àpókírífà, àwọn ìwé tí kì í ṣe gbogbo Bíbélì ni ó ní wọn, ni ó wà, lára ohun tí a so mọ́ ìwé Dáníẹ́lì. Àgbà méjì tí wọ́n jẹ́ onídàájọ́ lúgọ sínú ọgbà láti yọjú wo Sùsánà, ìyàwó oníyàwó, níbi tí ó ti fẹ́ wẹ̀, wọ́n sì sọ fún un pé bí kò bá gbà fún àwọn, àwọn yóò purọ́ àgbèrè mọ́ ọn. Ó kọ̀, wọ́n sì pa irọ́ náà. Dáníẹ́lì ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀, tí ó bi ẹnì kọ̀ọ̀kan pé abẹ́ igi wo ni ó ti rí i, tí ẹnu wọn kò sì kò.

Tintoretto, ayàwòrán ará Venice ní Ítálì, ya ìtàn yìí ní nǹkan bí ọdún 1555, àwòrán náà sì wà ní Vienna dòní. Sùsánà tirẹ̀ jókòó létí omi, ara rẹ̀ ń tàn, ó tẹjú mọ́ dígí, ohun ọ̀ṣọ́ rẹ̀ wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sì sí ìdààmú kankan lójú rẹ̀. Àwa tí a dúró wò ó wá di àgbà kẹta nínú ọgbà náà. Ní ọdún 1610, ọmọbìnrin kan tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún lọ, Artemisia Gentileschi, ya ìtàn kan náà ní Róòmù. Kò sí òdòdó, kò sí dígí. Orí òkúta ni Sùsánà jókòó sí, àwọn ọkùnrin náà tẹ̀ bò ó láti orí ògiri, ọ̀kan fi ìka lé ètè pé kí ó dákẹ́. Òun sì lọ́ ara, ó yí ojú kúrò, ó na ọwọ́ sókè láti tì wọ́n sẹ́yìn. Ìhòhò ni òun náà wà, bí kì í bá ṣe aṣọ funfun díẹ̀ lórí itan rẹ̀. Síbẹ̀, kò sí ẹni tí yóò wo àwòrán yẹn tí yóò sọ pé wọ́n ń ta ìhòhò.

Ó dùn wá pé irú Artemisia, obìnrin tó ń yàwòrán, kò pọ̀ láyé àtijọ́, ìdí rẹ̀ kò sì pamọ́. Obìnrin ayàwòrán méjì, Angelica Kauffman àti Mary Moser, wà lára àwọn tí wọ́n dá Royal Academy, ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán tí ó ní ilé-ẹ̀kọ́ tirẹ̀, sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1768. Ṣùgbọ́n nígbà tí ayàwòrán kan, Zoffany, ya àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà níbi tí ọkùnrin kan ti bọ́ra kalẹ̀ fún wọn láti yà, àwòrán ojú àwọn obìnrin méjèèjì nìkan ni ó gbé kọ́ ara ògiri, nítorí kò bójú mu kí wọ́n wà níbẹ̀. Ní ilé-ẹ̀kọ́ náà, ó di ọdún 1893 kí wọ́n tó gba obìnrin láyè láti kọ́ yíya ara ènìyàn bẹ́ẹ̀.

Ìtòsí yín gan-an ni a tún fẹ́ kí ẹ wò. Ẹdan Òṣùgbó, ère idẹ ẹgbẹ́ tí àwọn mìíràn ń pè ní Ògbóni, tí àwọn alágbẹ̀dẹ idẹ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ń rọ, takọ-tabo ni, ẹ̀wọ̀n ni ó so wọ́n pọ̀ lórí. Obìnrin inú wọn lè wà ní ìhòhò, ṣùgbọ́n kò sùn sílẹ̀ de ẹnikẹ́ni: ó kọjú síni, ojú rẹ̀ yọ, ọlá ilé àti ilẹ̀ ni ó gbé dání. Ọyàn ìyá, nílẹ̀ wa, ohun tí a fi ń búra ni, ohun tí ìyá fi ń bẹ̀bẹ̀ tàbí fi ń ṣépè. Bí ẹ bá gbé irú ojú bẹ́ẹ̀ lọ sínú ọgbà Tintoretto, iṣẹ́ yín yóò yí padà pátápátá. Bí ẹ bá sì fẹ́ lo aṣọ, a jẹ́ pé aṣọ olónà ni, èyí tí àwọn obìnrin Ìjẹ̀bú fi ọwọ́ ara wọn hun fún àwọn olóyè.

Ní ti àwọn obìnrin àdúgbò tí ẹ ń ya ojú wọn, ẹ rí i pé wọ́n mọ inú àwòrán tí ojú wọn ń lọ kí wọ́n tó gbà, kí ẹ sì fi hàn wọ́n kí ó tó jáde síta. Ní ti ìyá ọkọ yín, ẹ kọ́kọ́ ka ìtàn Sùsánà sí wọn létí, kí ẹ tó ṣí aṣọ lójú kánfáàsì.